Má Bomi, Máa Bomi

"Tún un kà," ni Ìyá Àgbà wí. "Kà á jẹ́jẹ́, má sáré bí ẹni tí ajá ń lé."

Ẹ̀ríolúwa gbé fóònù sún mọ́ ojú. Orí pèpéle iwájú ilé ni wọ́n wà, ní Ẹ̀fọ̀n. Ọyẹ́ ti fi eruku kun gbogbo ewé àdúgbò, òkè tó wà níwájú wọn kò sì hàn dáadáa mọ́. Miriam ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó na ọrùn kí òun náà lè rí i. Ohun tó wà lójú fóònù nìyí:

"Eri omo mi. Mo ri foto. Ma bomi si won. Ma ge won. Ma da ajile si won. Mo n bo. Baba."

"Ó ní kí o má bomi sí wọn," ni Miriam wí kíá. "Ọ̀rọ̀ ti parí. Jẹ́ ká máa lọ."

Ìyá Àgbà yí ojú sí i. "Ta ló sọ fún ọ pé 'má' ni? Ṣé kò lè jẹ́ 'máa' ni? Nínú ọyẹ́ yìí, tí ètè ọmọ ènìyàn ń là, ṣé igi ni wọn ó ní kí ẹ má fún lómi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Àgbà, bó bá jẹ́ 'máa' ni, á jẹ́ pé ó ní kó máa bomi sí wọn, kó máa gé wọn, kó tún máa da ajílẹ̀ sí wọn. Ṣé igi ló ń tọ́jú ni, àbí ó ń bá igi jà?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n kò rín in. Ẹ̀ríolúwa ní tirẹ̀ tún gbé fóònù sún mọ́ ojú. Ó ń wo 'ma' mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n jọ ara wọn bí ìbẹta. Ó ka ti àkọ́kọ́ ní kúkúrú, ó di "má", ìyẹn ni pé kó jáwọ́. Ó fà á gùn díẹ̀, ó di "máa", ìyẹn ni pé kó má jáwọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà méjì péré, ọ̀kan ń ti ènìyàn síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni olùkọ́ Yorùbá dá ìwé ìdánwò rẹ̀ padà pẹ̀lú yíǹkì pupa, tó ní kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ó ti kùn títí dé ilé lọ́jọ́ náà. "Ta ló ń fi àmì sí nǹkan lóde òní?" ló ń wí.

Igi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Sípírẹ́sì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n igi Kérésì ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ewé rẹ̀ kò fẹ̀ bí ti igi tiwa. Ó dà bí irun ọmọdé tí a di wẹ́wẹ́, ó máa ń ga lọ sókè ṣóńṣó bí iná àbẹ́là, bí a bá sì fi ọwọ́ ra á, òórùn rẹ̀ á dà bí ti káńfọ̀ tí àwọn àgbà ń fi sáàárín aṣọ.

Àbúrò Ìyá Àgbà ló ni wọ́n. Matthew ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó fi ṣe tíṣà ní Jọ́ọ̀sì ti gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Jọ́ọ̀sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí òun àti Títílayọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ wálé, gbogbo ẹrù wọn wà lẹ́yìn ọkọ̀, àfi páálí kan tó wà lórí itan ìyàwó. Agolo mílíìkì mẹ́sàn-án ló wà nínú páálí náà, ọmọ sípírẹ́sì kọ̀ọ̀kan sì wà nínú agolo kọ̀ọ̀kan. Bí Títílayọ̀ ṣe gbé wọn láti Jọ́ọ̀sì dé Ẹ̀fọ̀n nìyẹn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e. Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wọ́n láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà, mẹ́rin lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, nítorí àpáta wà níbi tí ìkarùn-ún ọ̀tún ìbá wà. Kí òjò ọdún kejì tó dá, Títílayọ̀ ti lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, awọ funfun ti ń bo ẹyinjú Bàbá Jọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ló fi mọ àwọn igi náà. Láràárọ̀ ni yóò máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, á fọwọ́ wọ̀n wọ́n, á sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Èyí ti dé èjìká mi. Ìwọ, o lọ́ra o."

Nígbà tí Blessing ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú un lọ sí Ìbàdàn, kí àwọn dókítà lè bá a ṣiṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún, Bàbá fa Ẹ̀ríolúwa lọ́wọ́ láti igi kan dé èkejì.

"Kẹ́ẹ̀gì omi kan fún igi kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìdí ni kí o da á sí, kì í ṣe orí. Dà á díẹ̀díẹ̀, kí ilẹ̀ lè mu ún. Sípírẹ́sì kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú ẹrọ̀fọ̀, kì í sì í fẹ́ kí ọ̀fun òun gbẹ. Koríko gbígbẹ tí mo tò sí ìdí wọn yìí, òun ni kì í jẹ́ kí oòrùn fa omi ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó kan ara igi. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Bàbá dúró. Ó kọjú sí ibi tí igi wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjìji lásán ló ń rí. "Ẹ̀rí, láti ìgbà tí wọ́n ti kọjá orúnkún mi ni n kò ti rí wọn mọ́. Ohun tí ìyá Blessing gbìn, mo fẹ́ fi ojú mi rí i. Bí mo bá ti ọkọ̀ sọ̀, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wò."

Ohun tó sọ nìyẹn. Ẹ̀ríolúwa sì ṣèlérí.

Fún ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀, ó ṣe é bó ṣe yẹ. Kànga ilé ti gbẹ, nítorí náà ẹ̀rọ omi ìjọ tó wà nísàlẹ̀ òkè ló ń lọ. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ni bárò ń gbà, ó sì di dandan kó lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Bárò náà a máa han lórí òkúta, gbogbo apá rẹ̀ a sì máa dùn ún. Lọ́jọ́ kan, ó rí i pé ewé inú lọ́hùn-ún, àwọn tó wà nítòsí ìtì igi, ti ń pọ́n. Ẹ̀rù bà á. Ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí fóònù Bàbá. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èsì tó dé, èsì tó dá gbogbo wọn láàmú lórí pèpéle yìí.

"Pè é," ni Ìyá Àgbà wí níkẹyìn. "Kí la tún ń rò? Nígbà tiwa, ẹnu la fi ń ránṣẹ́ síra wa. Bí mo bá ní kí ọmọdé lọ sọ fún ìyá rẹ̀ ní Ìlogbò pé kó má wá, ohùn á bá ọ̀rọ̀ rìn dé ọ̀hún. Èyí tí ẹ̀yin ń fi ìka tẹ̀ yìí, ó ti fi ohùn sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Pè é, kó fẹnu sọ ọ́."

"Mo ń lọ pè é, Ìyá Àgbà."

Ẹ̀ríolúwa lọ sẹ́yìnkùlé. Káàdì wà nínú fóònù. Orúkọ Bàbá hàn gedegbe. Ó fi àtàǹpàkò lé e, kò sì tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín. Ìdíje orin àwọn ọ̀dọ́ ń bọ̀ ní Ìkògòsì ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, Ẹ̀ríolúwa ni wọ́n sì yàn pé kó dá orin. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìgbáradì, lójoojúmọ́. Bùrọ̀dá Olúwajùwọ́nlọ, tó ń kọ́ wọn lórin, kì í ṣàwàdà rárá. "Ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ," ló wí, "Gift á gba ipò rẹ̀." Aago mẹ́rin kan náà ni omi ń yọ dáadáa lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí Bàbá bá gbé fóònù, tó ní "máa bomi sí wọn," kí ni yóò ṣe? Ṣùgbọ́n bí kò bá bèèrè, "ma" á ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, kò ní apá ọ̀tún, kò ní apá òsì, ẹni tó bá fẹ́ lè gbé e síbi tó wù ú.

Ó fi fóònù sápò. Ó padà síwájú ilé.

"Kò lọ, Ìyá Àgbà. Wọ́n ní ó ti pa á."

"Pe Blessing."

"Màá pè é tó bá di ìrọ̀lẹ́."

Kò pè é ní ìrọ̀lẹ́. Kò pè é lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Ìyá Àgbà tún bèèrè, ó ní, "Mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀, Ìyá Àgbà. 'Má' ni gbogbo rẹ̀. Má bomi, má gé, má da ajílẹ̀. Omi ló pọ̀ jù tí ewé fi ń pọ́n. Ṣé ẹ rántí pé ó ní kì í fẹ́ ẹrọ̀fọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ìyá Àgbà, tí kò ka ìwé kọjá Sáàmù tó ti há sórí, wò ó títí, ó sì gbà pé ẹni tó ń lọ sílé ìwé lè mọ̀ ju òun lọ. Orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè ti bárò.

Báyìí ni ọ̀sẹ̀ méjì ṣe kọjá. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ ń là, Ẹ̀ríolúwa ń kọrin. Ó ń gba àárín igi mẹ́sàn-án kọjá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

Lọ́jọ́ kan níbi ìgbáradì, Gift ń gbé ègbè kan tó lọ báyìí: "Olúwa mi, má fi mí sílẹ̀." Ibi tó yẹ kó ti gé "má" kúkúrú, ó fà á, ó fi ẹwà sí i, ó di "máa fi mí sílẹ̀."

Bùrọ̀dá Olúwajùwọ́nlọ lu tábìlì. "Dúró! Gift, kí ni o ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run? Ṣé kó máa fi wá sílẹ̀ lójoojúmọ́ ni? Bí ẹ bá gbọ́ tí mo ṣàìsàn, ẹ mọ ẹni tó fa á!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Gift bo ojú. Miriam rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀ríolúwa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ ìwé orin ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n lọ sí Ìkògòsì, wọ́n kọrin, wọ́n ṣe ipò kejì. Inú ọkọ̀ dùn ní àbọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ já Ẹ̀ríolúwa sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ìrọ̀lẹ́ ṣì mọ́lẹ̀ dáadáa, ó sì gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Orí gbogbo igi náà ti pọ́n. Kì í ṣe ewé inú nìkan mọ́. Láti ṣóńṣó orí wálẹ̀, wọ́n rí bí irun tí iná jó. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan, ewé rẹ̀ sì rún wọ́ọ́wọ́ọ́ sí i lọ́wọ́.

Kò lè sùn dáadáa. Lọ́jọ́ Àìkú, ó díbọ́n pé orí ń fọ́ òun, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Ìyá Àgbà ti jáde, ó sáré lọ pọn omi. Ó da kẹ́ẹ̀gì méjì méjì sí ìdí wọn, ó dúró, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé wọ́n á yí padà lójú ẹsẹ̀. Wọn kò yí padà. Ibẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá Samson, tí oko kòkó rẹ̀ wà lọ́nà Ìkògòsì, ti rí i.

"Ẹ̀rí, kí ló ṣe igi Kérésì yín?"

"Wọ́n ń kú, Bọ̀ọ̀dá Samson. N kò mọ ohun tí màá ṣe."

Bọ̀ọ̀dá Samson yí igi kan po, ó mi orí. "Láti orí ló ti ń kú. Igi tó bá ń kú láti orí, orí náà la ń gé kúrò. Kòkó bàbá mi tó ti darúgbó, mo gé e dé kùkùté lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Wá wo ọ̀mùnú tó rú jáde! Igi wo ni a gé tí kì í rú? Àkòkó ń rú, ìyeyè ń rú, pèrègún tí a fi ṣe ọgbà ń rú."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ọmọ àgbẹ̀ ni ọ́, o ń bi mí ní irú ìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀ríolúwa yọ fóònù. Ó tún ọ̀rọ̀ Bàbá kà. *Ma ge won.* Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, orí rẹ̀ ń pòòyì. Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó fà á gùn. Máa gé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni! Bàbá fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn! Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Ó wọlé, ó mú àdá.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Ó gé àkọ́kọ́ ní ìwọ̀n orúnkún, ó kọjá gbogbo ibi tí ewé wà, ó ku kùkùté lásán. Òórùn káńfọ̀ gba gbogbo àgbàlá. Ó gé èkejì. Ó gé ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin ló ń gé lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Àgbà ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bíbélì lábíyá, ọ̀pá lọ́wọ́.

"Ẹ̀ríolúwa! Ta ló ní kí o gé igi?"

"Bàbá ni! Ó wà nínú fóònù, Ìyá Àgbà. Ó ní máa gé wọn."

Ìyá Àgbà kò pariwo mọ́. Ó rìn wá títí ó fi dé iwájú rẹ̀, ó gbé ojú lé e.

"Lọ́jọ́ yẹn, tí omi pípọn le, 'má' ni gbogbo rẹ̀. Lónìí, ó ti di 'máa'. Ọmọ mi, ṣé ọ̀rọ̀ náà ló ń yí padà, àbí ìwọ?"

Àdá bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀ríolúwa.

"Gbé fóònù yẹn wá. Fi ìka mi lé orúkọ rẹ̀."

Fóònù tí kò lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló dún. "Ẹ̀gbọ́n mi!" Ohùn Bàbá Jọ́ọ̀sì dùn bí ti ọmọdé. "Mo fẹ́ yọ sí yín láìròtẹ́lẹ̀ ni o! A ti kọjá Ìtawúrẹ́. Mò ń rí ìlà ojú ọ̀nà! Mò ń rí ewúrẹ́! Ẹ sọ fún Ẹ̀rí kó dúró dè mí lẹ́nu géètì."

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ máa bọ̀ o, àbúrò mi." Ó dá fóònù padà fún Ẹ̀ríolúwa.

Kí wọ́n tó wọ ìtì tó wà nílẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ti dúró. Bàbá Jọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí Blessing di òun mú. Ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó yọ awò dúdú tó wà lójú rẹ̀, ó gbé orí sókè bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn.

"Ẹ kú àbọ̀ sí ulé o," ni Ìyá Àgbà wí jẹ́jẹ́.

Bàbá bojú wo ibi tí àwọn igi wà. Ó wo òsì. Ó wo ọ̀tún. Ó fi ìka nu ojú tuntun náà, ó tún wò. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ẹ̀rù sì wà lójú rẹ̀.

"Blessing, ṣé ojú mi ni? Ṣé dókítà sọ pé màá máa rí nǹkan aláwọ̀ ewé ní pupa? Àwọn tọ̀tún... n kò rí wọn rárá. Ṣé ojú yìí ti tún ń bàjẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wá dúró níwájú Ẹ̀ríolúwa bí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Bó bá dákẹ́, kí Bàbá ṣì rò pé ojú òun ni, fún wákàtí kan péré, fún ọjọ́ kan péré... Ó wo ọkùnrin arúgbó náà bó ṣe ń fi ọwọ́ bo ojú kan, tó ń ṣí i, tó tún ń bò ó. Ó wólẹ̀ lórí eékún.

"Kì í ṣe ojú yín, Bàbá. Ojú yín dára. Èmi ni. Èmi ni mo pa wọ́n."

Ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá gba fóònù, ó gbé e jìnnà díẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sókè. "Máa bomi sí wọn. Má gé wọn. Má da ajílẹ̀ sí wọn. Kí ló wà ṣókùnkùn níbẹ̀?" Ó dúró. Ó tún un kà ní ìdákẹ́jẹ́. Ètè rẹ̀ ń mì. "Áà. Báyìí ni mo kọ ọ́?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n bá yín kọ ọ́," ni Blessing wí. "Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ojú yín ni. Ẹ ní ẹ̀yin náà fẹ́ fi ojú tuntun kọ nǹkan."

"Ìwé àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ láti ọdún mẹ́rin," ni Bàbá wí. Ó mi orí. "Tíṣà ni mí, mo sì kọ ohun tí èmi fúnra mi kò lè kà. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀."

"Rárá, Bàbá." Omi ń dà lójú Ẹ̀ríolúwa. "Mo mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo sì lè pè yín. N kò pè yín nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ó sọ pé 'máa'. Lẹ́yìn náà mo sọ fún Ìyá Àgbà pé fóònù yín kò lọ. Irọ́ ni."

Bàbá Jọ́ọ̀sì kò lù ú, kò bú u. Ó lóṣòó sí ìdí igi kan lápá òsì, ó fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, ó ní àwọ̀ ewé. "Èyí ṣì wà láàyè." Ó lọ sí èkejì, ó ha á. Ó gbẹ. Ó ń lọ báyìí títí ó fi dé ìkarùn-ún. Mẹ́ta wà láàyè, méjì ti kú. Ó wá sí ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ọwọ́ lé kùkùté bí ẹni tó fọwọ́ lé ọmọ lórí.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́, Bàbá? Ṣé wọ́n á rú? Bọ̀ọ̀dá Samson ní kòkó máa ń rú."

"Kòkó á rú. Sípírẹ́sì kì í ṣe kòkó. Etí ewé rẹ̀ la lè rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ti gé e kọjá ibi tí ewé wà, igi ibẹ̀ kò ní ojú tí yóò fi rú mọ́." Ó dìde. "Ewé inú tí o rí tó ń pọ́n, tí o ya fọ́tò rẹ̀, ogbó ló ń gbó. Bí irun orí mi ṣe ń já ni. Kò sí ohun tó ṣe é. Omi nìkan ló ń fẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun Ẹ̀ríolúwa jù. Kò sí ohun tó ṣe é. Omi nìkan ló ń fẹ́.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Samson gbọ́, ó wá bẹ Bàbá, ó dojú bolẹ̀. Miriam náà wá, ó bá wọn ti bárò, kò sì ṣàwàdà títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà, Ẹ̀ríolúwa ń bomi sí igi mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kẹ́ẹ̀gì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìdí, díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé ó ń pa ìgbáradì jẹ, Bùrọ̀dá Olúwajùwọ́nlọ fa orin dídá lé Gift lọ́wọ́, Ẹ̀ríolúwa kò sì jiyàn. Nígbà tí òjò dé, Bàbá kọ́ ọ bí a ṣe ń já ọ̀mùnú lára igi tó wà láàyè, tí a ń kì í bọ inú iyanrìn tútù lábẹ́ ìbòòji. Méjìlá ni wọ́n kì. Mẹ́wàá rà. Méjì ta gbòǹgbò, wọ́n sì kó wọn sínú agolo mílíìkì, bí Títílayọ̀ ti ṣe.

Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, Bàbá padà sí Ìbàdàn nítorí ojú òsì. Lọ́sẹ̀ kejì, fóònù Ẹ̀ríolúwa dún. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, àmì wà lórí rẹ̀ kedere bí ẹyẹ lórí wáyà:

"Máa bomi sí wọn. Má gé wọn."

Miriam yọjú wò ó. "Ó dáa, èyí kò ní wàhálà. Òpè pàápàá lè kà á."

Ṣùgbọ́n Ẹ̀ríolúwa ti tẹ orúkọ Bàbá, ó ti gbé fóònù sétí.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Mo rí i. Mo rí àmì rẹ̀. 'Máa' ni ti omi, àbí?"

Bàbá Jọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí Ìyá Àgbà fi gbọ́ ọ lórí pèpéle. "Máa ni, ọmọ mi. Máa, máa, máa."

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ̀ láti bèèrè nítorí pé ó ń bẹ̀rù ìdáhùn, kì í ṣe pé ó ṣìnà. Ó ti yan ibi tó fẹ́ gbà kó tó dìde. Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ tí kò bá yé yín, ẹ má yí i sí ibi tó rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ bèèrè. Ẹ̀ríolúwa gbé bárò, ó sọ̀kalẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ omi.